Àwọn Ọmọ Ìkookò: Ìtàn Ẹgbẹ́ Síkáòtù ti Àwọn Ọmọdé

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí ké sí mi pé kí n kọ ìtàn kan, mo rò pé ohun tí wọ́n ń retí ni ìtàn agogo wa, tàbí ti òrùlé páànù tí ìjì ká lọ, tàbí ti àwọn tí ó ru òkúta nígbà ìpìlẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ ìwọ̀nyí, wọ́n sì kọ wọ́n dáradára. Èmi yóò kọ nípa àwọn ọmọkùnrin kéékèèké, ẹni ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá, tí wọ́n máa ń lóṣòó yíká ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní ọ̀sán Sátidé, tí wọ́n sì ń hu bí ìkookò. Àwọn àgbà yóò rántí wọn. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ wa kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, ó yẹ kí a mọ ọkùnrin tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Robert Baden-Powell ni orúkọ rẹ̀, a sì bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1857. Àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni baba rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford. Ṣùgbọ́n baba náà kú ní ọdún 1860, nígbà tí ọmọ yìí wà ní ẹni ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀. Ó di ọmọ ogun. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1899, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Bóà ń jà ní Gúúsù Áfríkà, àwọn Bóà dó ti ìlú Mafeking tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ìdótì náà sì gba ọjọ́ 217. Níbẹ̀ ni a ti kó àwọn ọmọkùnrin òyìnbó ìlú náà jọ, tí a wọ̀ wọ́n ní aṣọ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́, tí wọ́n sì ń gbé ìwé kiri, kí àwọn ọkùnrin lè ráyè dúró lójú ogun. Ohun tí ọ̀gágun náà rí lára wọn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́: pé bí a bá gbé iṣẹ́ lé ọmọdé lọ́wọ́, tí a sì fi ọkàn tán an, yóò ṣe é. Kí òtítọ́ má baà farasin, mo ní láti fi kún un pé àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà nínú ìlú kan náà jìyà ebi ju àwọn òyìnbó lọ gidigidi ní àkókò ìdótì yẹn. Wọn kò kọ́ wa ní ìyẹn nílé ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1904 ó lọ wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Boys' Brigade ní Glasgow, ẹgbẹ́ tí William Alexander Smith ti dá sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1883 láti inú ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Smith ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó tún ìwé tí ó kọ fún àwọn ọmọ ogun kọ fún àwọn ọmọkùnrin. Kò kánjú kọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1907, ó kó bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea láti lọ dán ohun tí ó ní lọ́kàn wò. Kí ẹ jọ̀wọ́ kíyè sí i irú àwọn ọmọ tí ó kó lọ. Apá kan jẹ́ ọmọ àwọn ọlọ́lá tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olówó ńlá, apá kejì jẹ́ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti inú ẹgbẹ́ Boys' Brigade wá. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó pò wọ́n mọ́ ara wọn, ó sì fi ọmọkùnrin kan ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ọmọ ọlọ́lá àti ọmọ òṣìṣẹ́ kì í jẹun nínú ìkòkò kan náà. Láti oṣù Kìíní ọdún 1908 ni ìwé Scouting for Boys bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ Síkáòtù sì tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́.

Àwọn ọmọ bí ọdún mọ́kànlá sókè ni ẹgbẹ́ náà wà fún. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè sọ fún àbúrò pé kí ó má tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Níbikíbi tí àwọn Síkáòtù bá pàgọ́ sí, àwọn kéékèèké a máa rọ̀ mọ́ ọgbà, wọn a máa purọ́ ọjọ́ orí, wọn a so aṣọ ìnujú mọ́ ọrùn kí a lè rò pé wọ́n jẹ́ ara wọn. Àwọn olórí ẹgbẹ́ kan gbà wọ́n, wọ́n sì rí i pé kò bójú mu: ìrìn àwọn ẹ̀gbọ́n gùn jù fún wọn, ẹ̀kọ́ wọn le jù, bí a bá sì dẹ ẹ̀kọ́ náà nítorí wọn, àwọn àgbà ọmọ a bínú lọ. Ní ọdún 1914, Baden-Powell gbé ètò kan jáde fún àwọn kékeré wọ̀nyí, ó sì pè wọ́n ní ọmọ ìkookò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1916 ni ìwé wọn jáde, a sì fi ẹgbẹ́ náà han gbogbo ènìyàn ní gbọ̀ngàn Caxton ní Westminster ní ọjọ́ 16 oṣù náà.

Obìnrin kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà dárúkọ. Vera Barclay ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní abúlé Hertford Heath. Ó ti ń kó àwọn ọmọ kékeré jọ ní àdúgbò baba rẹ̀ kí a tó fi ọwọ́ sí ìwé náà. Ogun ńlá ti kó àwọn ọkùnrin lọ. Bí kì í bá ṣe ti àwọn obìnrin, kò sí ẹni tí ìbá kù láti tọ́jú àwọn ọmọ náà. Òun ni Baden-Powell pè wá sí ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1916 láti bójú tó àwọn ọmọ ìkookò, ọ̀pọ̀ nínú ètò tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni ó sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà kan ń bi mí pé ṣé ó tọ́ kí obìnrin máa darí àwọn ọmọkùnrin, èmi a máa dá wọn lóhùn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ó kù kí a mọ ìdí tí ó fi jẹ́ ìkookò. Rudyard Kipling, ẹni tí a bí ní Íńdíà, ti tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1894, tí à ń pè ní The Jungle Book, nínú èyí tí a ti rí ìtàn ọmọ ènìyàn kan, Mowgli, tí agbo ìkookò gbà tọ́ nínú igbó. Akela ni olórí agbo náà, ó dàgbà, ó sì gbọ́n. Baloo, béárì, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin igbó. Bagheera, ẹkùn dúdú, ni ó fi akọ màlúù kan ra ẹ̀mí ọmọ náà. Àwọn ọ̀bọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọn kò ní òfin, tí wọn kò ní olórí, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe lójoojúmọ́ tí wọn kì í sì í ṣe é. Baden-Powell gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Kipling, ó sì fi ìtàn yìí ṣe ilé fún gbogbo eré àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà. Olùdarí wọn ni Akela. Ọmọ tí ó bá ń ṣe wótòwótò ni a ń fi wé ọ̀bọ, ojú a sì tì í.

Èyí kò rọrùn láti túmọ̀ sí èdè wa. Ẹranko tí àwọn bàbá wa ń pè ní ìkookò kì í ṣe èyí tí Kipling ń sọ. Ẹ̀dá olórí ńlá, ajẹ-egungun, tí ń rìn ní òru ni ìkookò tiwa, orúkọ rẹ̀ ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sì fún ẹranko àwọn ará òkè òkun nítorí pé a kò ní irú tiwọn. Nínú Ìwé Mímọ́, ọ̀tá agbo àgùntàn ni. Nítorí náà nígbà tí àgbà ìjọ kan bá gbọ́ pé a ń pe àwọn ọmọ tí a ti ṣe ìrìbọmi fún ní ọmọ ìkookò, kò yani lẹ́nu pé ojú rẹ̀ le. Mo sọ èyí nítorí ohun tí n óò sọ níwájú.

Báyìí ni a ti ń ṣe é. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ni agbo kan kì í sábà jù. A pín wọn sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà, a sì fi àwọ̀ ìkookò sọ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ: dúdú, funfun, pupa àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kan ni olórí ọ̀wọ́, òmíràn ni igbákejì. Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn a lóṣòó yí Akela ká, wọn a fi ìka ọwọ́ kan ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn bí ẹni pé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹranko ni, wọn a gbé orí sókè, wọn a sì hu orúkọ Akela pọ̀. Wọn a fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ kan a bi wọ́n léèrè bóyá wọn yóò sa gbogbo agbára wọn, wọn a sì dáhùn pé àwọn yóò sà á. Òfin méjì péré ni wọ́n ní. Èkíní ni pé kí ọmọ gbọ́ ti àgbà ìkookò. Èkejì ni pé kí ó má gbọ́ ti ara rẹ̀ nígbà tí ara bá fẹ́ ṣe ọ̀lẹ tàbí bínú. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ fún ọmọdé láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí èyí tí ó fi ọ̀rọ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí ó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ìlérí pẹ̀lú láti ṣe ojúṣe wọn sí Ọlọ́run àti sí ọba, àti láti ṣe oore kan fún ẹnì kan lójoojúmọ́.

Wọ́n ní ọmọ ìkookò kì í là ojú nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Nítorí náà fìlà ọmọ titun kò ní ìràwọ̀ kankan. Nígbà tí ó bá ṣe tán nínú ẹ̀kọ́ ìpele kìíní, a fún un ní ìràwọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ àmì orí fìlà, ojú kan ti là nìyẹn. Ìràwọ̀ kejì a la ojú kejì. Kí sì ni ẹ̀kọ́ náà? Kí ó lè ta kókó tí kì í yẹ̀, irú èyí tí a fi ń di ọgbẹ́. Kí ó lè takìtì, kí ó ta okùn fò, kí ó ju bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, kí ó gbé ìwé lé orí rìn láìjábọ́. Kí ó mọ aago í kà. Kí ó gbin nǹkan kí ó sì rí i kí ó hù. Kí ó mọ ìdí tí a fi ń gé èékánná, tí a sì ń fọ ẹnu. Eré kan wà tí a bo ọ̀pọ̀ nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ aṣọ, abẹ́rẹ́, kọ́bọ̀, ẹyọ àgbàdo, bọ́tìnì. A ó ṣí i fún ìṣẹ́jú kan, a ó tún bò ó, ọmọ a sì ka gbogbo ohun tí ó rí. Èyí ni mo mọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí ń kọ́ni. Akela kò lè kọ́ ọmọ mẹ́rìnlélógún ní kókó títa lẹ́ẹ̀kan náà. Olórí ọ̀wọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ó ń kọ́ ẹni ọdún mẹ́jọ. Ẹni ọdún mẹ́jọ náà a sì gbìyànjú nítorí kò fẹ́ kí ọ̀wọ́ òun pàdánù nítorí òun. Láyé àtijọ́ a mọ èyí ní ilẹ̀ wa. Kò sí àgbà tí ó kọ́ wa ní ẹkùn mẹ́ran. Àwọn ọmọ tí ó jù wá lọ ni ó fà wá lọ́wọ́ wọ inú agbo ní alẹ́ òṣùpá, tí wọ́n fi ọ̀kan ṣe ẹkùn, ọ̀kan ṣe ewúrẹ́, tí àwa ìyókù sì di ọgbà tí ń dáàbò bò ó. Ẹni tí ó bá tú ọwọ́ sílẹ̀, gbogbo agbo ni ó dà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí agbo ìkookò, n kò rò pé ohun àjèjì ni. Ohun tí ó jẹ́ titun níbẹ̀ ni pé wọ́n ń kọ orúkọ sínú ìwé, àti pé ẹni tí ó mọṣẹ́ ni a ń fi ṣe olórí, kì í ṣe ọmọ ẹni tí ó ni ilé.

Ní ọdún 1915 ni ẹgbẹ́ Síkáòtù bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti inú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó ti ríbi tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú, nítorí níbẹ̀ ni àgbàlá, olùkọ́ àti ọmọ wà pọ̀. Ní ọdún 1949 mo wà ní ẹni ọdún mẹ́sàn-án, mo sì wọ agbo tiwa ní àgbàlá yìí. Mo dúró níwájú àsíá, mo sì ṣèlérí fún Ọba George Kẹfà, ẹni tí n kò rí rí àfi lójú owó. Ọba náà wàjà ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1952. Nígbà náà mo ti rékọjá sọ́dọ̀ àwọn àgbà Síkáòtù, lẹ́yìn tí mo ti gba ìràwọ̀ méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣubú nínú ìdánwò okùn fífò.

Mo wá dé ibi tí ó wù mí kí n fò kọjá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń kọ ìtàn, kì í ṣe ti àwọn ẹlòmíràn nìkan ni yóò kọ. Ní ọdún 1966 mo jẹ́ Tíṣà ìjọ ní ìlú mìíràn, ní ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ. Agbo ọmọ ìkookò wà níbẹ̀. Ọmọ adẹ́mu kan wà nínú wọn, ẹni ọdún mẹ́wàá, tí kò ní bàtà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ kókó í ta tó o, òun ni Akela sì fi ṣe olórí ọ̀wọ́. Nínú àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ọmọ àgbà ìjọ kan wà, onísòwò kòkó tí ó lọ́rọ̀. Ọmọ olówó náà fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni ó kọ́ ọ ní kókó, òun ni ó dì í mú nígbà tí ó ń kọ́ takìtì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ọmọ náà délé, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ní láti béèrè lọ́wọ́ olórí òun kí òun tó lè bá a lọ sí ọjà ní Sátidé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìgbìmọ̀ ìjọ. Wọn kò dárúkọ ọmọ adẹ́mu. Wọ́n ní híhu bí ẹranko nínú ọgbà ìjọ jọ ìbọ̀rìṣà. Wọ́n ní orí ìkookò tí a fi igi gbẹ́, tí wọ́n ń gbé sórí ọ̀pá láàárín agbo, ère ni. Wọ́n wá yíjú sí mi pé, Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, kí ni ẹ rí sí i? Èmi tí mo ti lóṣòó nínú agbo náà rí, tí mo mọ̀ pé eré ni orí igi náà jẹ́, mo wo ilẹ̀. Mo ní ohun tí àwọn bàbá bá rí pé ó tọ́ ni kí a ṣe. Owó oṣù mi ń bẹ lọ́wọ́ wọn, ìyàwó mi sì lóyún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tú agbo náà ká ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ adẹ́mu náà wá sí ilé mi pẹ̀lú orí ìkookò náà lábẹ́ apá. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, níbo ni kí n gbé e sí?” Mo ní kí ó gbé e sí yàrá tí a ń kó àga tí ó ti ṣẹ́ sí. Ó gbé e síbẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn bí ẹni pé ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀. Ìkán jẹ ẹ́ kí n tó kúrò ní ìlú náà. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ kókó títa nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Ibì kan ṣoṣo ni ó wà ní ìlú yẹn tí a ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mọ ipò rẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n tì í.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mo lè sọ ọ́ ní kúkurú. Baden-Powell fúnra rẹ̀ ti kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1941, ní Nyeri ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbẹ̀ ni a sì sin ín sí. Ẹgbẹ́ Síkáòtù Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ àgbáyé ní orúkọ ara rẹ̀ ní ọdún 1961. Ní ọdún 1967, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀rọ̀ ìkookò kúrò nínú orúkọ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì wá ń pè wọ́n ní Cub Scouts, ṣùgbọ́n wọn kò mú orúkọ Akela kúrò. Ní ọdún 1991 wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú. Ní ti agbo tiwa, nígbà tí ìjọba gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, olùkọ́ tí ó jẹ́ Akela ni a gbé lọ sí ibòmíràn, kò sì sí ẹni tí ó gba ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tú u ká. Wọ́n kàn ṣíwọ́ ìpàdé.

Ìwé orúkọ agbo náà sọnù nígbà tí òjò wọ inú àpótí ní ọ́fíìsì ìjọ. Mo ti ń kó àwọn orúkọ jọ láti ẹnu àwọn tí ó kù. Ti ọdún 1949, mo ti rí mẹ́tàdínlógún nínú mẹ́rìnlélógún, mọ́kànlá nínú wọn ti sùn nínú Olúwa. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí bá jẹ́ ọmọ ìkookò ní àgbàlá yìí ní ọdúnkọ́dún, tàbí tí bàbá yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ní àwòrán tàbí fìlà tàbí àmì kan nílé, kí ẹ jọ̀wọ́ mú un wá hàn mí lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. N óò wà ní ẹnu ọ̀nà ìhà gúúsù, lórí àga tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé.